Ihò AUX Lára Rédíò Tó Bá Ọkọ̀ Wá

Orí ọkọ̀ kan ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò ti gbéra. Honda Accord tí wọ́n ṣe ní 2003 sí 2005 ni, èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń pè ní End of Discussion. Ó ṣì wà ní títì láti Ìkòròdú dé Òṣogbo. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, AC rẹ̀ ń tutù, rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ketekete. Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó: kò ní ihò AUX, ìyẹn ibi tí èèyàn lè ti ki wáyà fóònù bọ̀ ọ́.

Bí ẹni tó ni ín bá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ́wáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, wọ́n sábà máa ń sọ fún un pé kó yọ rédíò náà, kó ra èyí tó lójú gíláàsì gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà. Nínú Accord yìí, ìmọ̀ràn náà léwu. Honda kó bọ́tìnì rédíò àti bọ́tìnì AC pọ̀ sójú kan. Ẹni tó bá yọ rédíò ti yọ ohun tó fi ń darí AC pẹ̀lú rẹ̀, àfi kó tún wá férémù àti wáyà àkànṣe tí yóò gba iṣẹ́ AC ṣe. Ibẹ̀ ni owó ti ń pọ̀. Ibẹ̀ náà ni ìdè dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń kán, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì máa ró kírakìra ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wọ kòtò.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ta ko irú ìyọdànù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ rédíò tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ ló ṣì lè gba ohùn láti ara fóònù láìkúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Àwọn ohun èlò tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ kò wọ́n. Ohun tó wọ́n ni òye ọ̀nà tí ohùn ń gbà kọjá nínú rédíò, òye yìí sì ṣeé kọ́.

Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe ọkọ̀ olówó gọbọi láìdá ihò fóònù sí i? Ọjọ́ orí ọkọ̀ náà ló fà á. Ní oṣù kẹfà ọdún 1930, Paul Galvin wa Studebaker rẹ̀ lọ sí ìpàdé àwọn tó ń ṣe rédíò ní Atlantic City, ní Amẹ́ríkà. Ó gbé ọkọ̀ náà síta, ó sì yí rédíò inú rẹ̀ sókè kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè gbọ́. Motorola ni orúkọ tó fi ta rédíò ọkọ̀ yẹn, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá ń jẹ́ ní 1947. Láti ìgbà náà, ohun tuntun yòówù tí aráyé bá fi ń gbọ́ orin nílé ló ń bọ̀ wá wọ ọkọ̀, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963. Ó di ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kó tó gbilẹ̀ nínú ọkọ̀. Síìdì dé ọjà ní 1982, Pioneer sì gbé CDX-1, ẹ̀rọ síìdì inú ọkọ̀, jáde ní 1984.

Apple gbé iPod jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, nígbà tí iṣẹ́ lórí Accord tó máa jáde ní 2002 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwọn tó ya àwòrán dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ronú kan kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ronú kan síìdì. Wọn kò ronú kan ẹ̀rọ orin tó ń gbé inú àpò ṣòkòtò. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ayé ṣe yí padà kíákíá, kó fi Toyota Camry méjì wé ara wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, tó jáde gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ 2002, kò ní ihò AUX. Èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, tó rọ́pò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ 2007, ní in. Ọdún márùn-ún péré ló wà láàárín méjèèjì. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí àwọn ènìyàn wa ń gùn ló bọ́ sí apá ibi tí ihò náà kò tíì dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùgbọ́ Yorùbá ju kìkì ọ̀rọ̀ orin tuntun lọ. Ohun tó wà nínú fóònù àgbàlagbà kan ní Abẹ́òkúta tàbí Ìlọrin lónìí ni àpàlà àti sákárà tó ti orí àwo wá, fújì tó ti orí kásẹ́ẹ̀tì wá, ewì Ọlánrewájú Adépọ̀jù, wàásù tí àlùfáà ṣe nígbà Ààwẹ̀, ohùn bàbá tó ti di olóògbé níbi ìnáwó ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti yí gbogbo rẹ̀ padà di MP3. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ ti bu, téèpù rẹ̀ ti wé mọ́ra, ilé-iṣẹ́ rédíò kò sì lè fi gbogbo rẹ̀ sórí afẹ́fẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo. Inú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ráyè gbọ́ wọn, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tàbí lójú ọ̀nà jíjìn. Ìdí nìyẹn tí ihò kékeré yìí fi yẹ fún àsọyé gbọ̀ọ̀rọ̀.

Inú rédíò ni àlàyé wà. Bí wọ́n bá tú rédíò ọkọ̀ tó jáde ní àárín ọdún 1990 sí 2005, ohùn tó ń bọ̀ láti ibi mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń bá níbẹ̀: apá tó ń gba FM àti AM, orí tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì, àti ẹ̀rọ síìdì. Kò sí èyí tó lágbára nínú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò tó fóòtì (volt) kan. Gbogbo wọn ń lọ sẹ́nu IC kan, ìyẹn ẹ̀yà iná kékeré orí bọ́ọ̀dù, tó dúró bí oníbodè. Òun ló ń yan ẹni tí yóò kọjá, òun náà ló ń dín ohùn kù tàbí tó ń fi kún un, tó sì ń tún báàsì àti tírẹ́bù ṣe. TEA6320 tí Philips ṣe jẹ́ ọ̀kan nínú irú IC bẹ́ẹ̀: ó ní ẹnu mẹ́rin fún ohùn sitẹ́rẹ́ò, ó sì ní ẹyọ kan fún ohùn mónò. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ohùn tó wọ IC alágbára tó ń ti sípíkà.

Ohùn tó ń jáde ní ihò ìgbọ́rọ̀ fóònù kì í ju nǹkan bíi fóòtì kan lọ. Irú kan náà ni òun àti àwọn ohùn mẹ́ta yẹn. Iwájú IC tó ń yan ohùn ló ti yẹ kó wọlé, kí bọ́tìnì fóólúùmù tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè jó rédíò. Wáyà sípíkà ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ rò, nítorí pé ibẹ̀ ni ohùn ti ń jáde. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ ìgbà yìí, IC bíi TDA7384 ló ń ti sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì sí èyí tó jẹ́ ẹ́ẹ̀tì (earth) nínú wáyà méjì tó lọ sí sípíkà kọ̀ọ̀kan. Méjèèjì ló gbé nǹkan bí ìdajì iná bátìrì, ìyẹn fóòtì mẹ́fà sí méje. Bí ọ̀kan bá kan ara ọkọ̀, IC lè bàjẹ́. Bí wọ́n bá so ó mọ́ fóònù, fóònù ni yóò fara gbá a.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù láti gbé orin fóònù wọ rédíò ni mọ́dúlétọ̀, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sí ihò láítà. Kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni tú nǹkan kan. Ó ń gba orin láti ara fóònù tàbí fíláàṣì, ó sì ń gbé e jáde bí ilé-iṣẹ́ FM kékeré tí rédíò ọkọ̀ lè gbọ́. Ìrọ̀rùn rẹ̀ ló mú kó kún gbogbo ọjà. Àmọ́ ojú FM Èkó ti kún: Radio Lagos wà lórí 107.5, Faaji lórí 106.5, Raypower lórí 100.5, Wazobia lórí 95.1, Rhythm lórí 93.7, àwọn mìíràn sì há sí àárín wọn. Àlàfo tí awakọ̀ bá rí l'Ékòó lè má jẹ́ àlàfo mọ́ bó bá dé Ìbàdàn, níbi tí Splash ti wà lórí 105.5 tí Fresh sì wà lórí 105.9. Kódà níbi tí ojú FM bá ti dákẹ́ rọ́rọ́, FM fúnra rẹ̀ kì í gbé ohùn tó ga ju 15 kHz lọ. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ gan-an kò lè rí i níbẹ̀. Rédíò tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Japan tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: orí 76 ló ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti pẹ́ sì parí sí 90, tó fi jẹ́ pé láàárín 87.5 sí 90 nìkan ni òun àti mọ́dúlétọ̀ ti lè pàdé.

Kásẹ́ẹ̀tì oníwáyà sàn jù ú lọ, bí rédíò bá ní ẹnu kásẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń yí. Kò sí téèpù nínú rẹ̀. Níbi tó yẹ kí téèpù gbà kọjá, orí mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan ló wà níbẹ̀, ó sì kọjú sí orí tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì nínú rédíò. Iná ohùn tó ti fóònù wá di agbára mágínẹ́ẹ̀tì, orí rédíò sì kà á bí ẹni pé téèpù ló ń kọjá. Àwọn jíà inú rẹ̀ ń yí kí rédíò má baà rò pé téèpù ti dé òpin. Nínú àwọn rédíò tó ń yí ojú kásẹ́ẹ̀tì padà fúnra wọn, ibi jíà yìí ni wàhálà máa ń wà: bó bá há díẹ̀, rédíò yóò máa yí ojú padà léraléra, yóò sì pọ kásẹ́ẹ̀tì síta níkẹyìn. Ẹni tó fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ fi òwú àti sípíríìtì nu orí tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì, kó sì pa Dolby, ohun tó ń dín ariwo téèpù kù, torí pé orin fóònù kò gba Dolby kọjá nígbà tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Dolby tó wà ní títàn yóò kàn mú ohùn òkè rẹ̀ rọ ni. Bí bẹ́líìtì rọ́bà tó ń yí ẹ̀rọ náà bá ti dẹ̀ nínú oòrùn, kò sí ohun tí kásẹ́ẹ̀tì oníwáyà lè ṣe sí i.

Toyota fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ láìmọ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ rédíò rẹ̀ ti àkókò yẹn, sọ́kẹ́ẹ̀tì oníwáyà méjìlá kan wà tí kò ní ohunkóhun lẹ́nu. Ti ṣéńjà ni, ìyẹn àpótí tó ń gba síìdì mẹ́fà, tí ẹni tó bá lówó máa ń rà kún ọkọ̀. Ohùn òsì àti ohùn ọ̀tún ń gba ibẹ̀ wọlé, iná ń gba ibẹ̀ jáde, wáyà méjì sì wà fún ọ̀rọ̀ tí rédíò àti ṣéńjà ń bá ara wọn sọ. AVC-LAN ni wọ́n ń pe èdè tí wọ́n ń sọ lórí wáyà méjì yìí, ara IEBus tí ilé-iṣẹ́ NEC ṣe ni wọ́n sì ti mú un. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ á jó wáyà AUX mọ́ ẹnu òsì àti ọ̀tún, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Kò sí àṣìṣe nínú jíjó tó jó o. Rédíò kò ní ṣí ẹnu náà títí yóò fi gbọ́ lórí AVC-LAN pé ṣéńjà wà níbẹ̀ tó sì ń yí síìdì.

Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi GROM àti Yatour ṣe àpótí kékeré tó ń sọ èdè yẹn. Ó ń sọ fún rédíò pé ṣéńjà ni òun, rédíò á ṣí ẹnu rẹ̀, orin fóònù á sì wọlé. Èyí ni ọ̀nà tó mọ́ jù fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n tú rédíò rẹ̀: pílọ́ọ̀gì lásán ni, bí wọ́n bá yọ ọ́ lọ́la, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Àmọ́ kí wọ́n mú nọ́ḿbà rédíò dání kí wọ́n tó rà á. Toyota yí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà padà láàárín 2003 sí 2004, èyí tó bá ọkọ̀ 2002 mu kò sì ní wọ ti 2005.

Peugeot ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú àwọn rédíò ọkọ̀ Peugeot 307 kan, ẹnu AUX ti wà lẹ́yìn rédíò láti ilé-iṣẹ́, àmọ́ kò ní hàn lójú rédíò àfi bí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò ọkọ̀ ṣí i. Ẹni tó gùn ún lè lò ó títí láìmọ̀ pé ohun tó ń wá kiri wà lẹ́yìn bọ́tìnì tó ń tẹ̀ lójoojúmọ́.

Síbẹ̀, ọ̀nà tó ń fi òye oníṣẹ́ hàn jù ni kí wọ́n tú rédíò, kí wọ́n sì jó ẹnu AUX mọ́ ọn nínú. Ibí ni ó yẹ kí àwọn rẹ́wáyà àti àwọn tó ń tún rédíò ṣe ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀, torí pé àwọn kan mọ ọkọ̀, àwọn kan sì mọ bọ́ọ̀dù.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ka nọ́ḿbà tó wà lórí IC tó ń yan ohùn, kí wọ́n sì wá ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé yẹn ń sọ iṣẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí TEA6320 bá ni, ìwé yóò fi àwọn ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, oníṣẹ́ yóò sì tẹ̀lé ojú ọ̀nà bàbà orí bọ́ọ̀dù láti mọ èyí tó jẹ́ ti kásẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnu kan bá wà tí ilé-iṣẹ́ kò lò, inú oníṣẹ́ lè dùn sí i, àmọ́ kò ní wúlò fún un: kọ̀ǹpútà inú rédíò ló ń pàṣẹ fún IC, kò sì sí bọ́tìnì tí yóò pè é síbẹ̀. Ẹnu kásẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń dára jù, nítorí pé bọ́tìnì rẹ̀ wà lójú rédíò, ẹni tó ni ọkọ̀ kò sì lò ó mọ́.

Ìṣòro kan jáde níbẹ̀. Rédíò kò ní yí sí kásẹ́ẹ̀tì bí kò bá sí kásẹ́ẹ̀tì lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo sí i, kó máa yí láìsọ nǹkan kan nígbà tí ohùn fóònù ń gba ojú ọ̀nà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu síìdì ni wọ́n lò, wọ́n á kọ síìdì kan tí kò ní ohùn nínú rárá, wọ́n á sì ní kó máa tún ara rẹ̀ yí.

Jíjó wáyà AUX lé wáyà kásẹ́ẹ̀tì lórí kò tọ́. IC tó ń gbé ohùn kásẹ́ẹ̀tì sókè àti fóònù yóò jọ máa ti ara wọn, ohùn yóò sì wálẹ̀ tàbí kó wọ́. Iṣẹ́ tó pé ni kí wọ́n gé ojú ọ̀nà bàbà tó ti kásẹ́ẹ̀tì wá, kí wọ́n sì lo ihò AUX tó ní súìṣì nínú ara rẹ̀. Nígbà tí kò sí pílọ́ọ̀gì nínú ihò náà, súìṣì so kásẹ́ẹ̀tì mọ́ IC bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí pílọ́ọ̀gì bá wọlé, kásẹ́ẹ̀tì já, fóònù wọlé dípò rẹ̀. Rédíò kò pàdánù ohun kankan tó bá wá láti ilé-iṣẹ́.

Kàpásítọ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà òsì, òmíràn sì gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà ọ̀tún, torí pé ẹsẹ̀ IC ní fóòtì tirẹ̀ tí kò yẹ kó dé ara fóònù. Ìwọ̀n rẹ̀ ṣe pàtàkì gidigidi fún orin wa. Bí ẹnu IC bá ní kíló-óòmù 20, kàpásítọ̀ máíkírófáráàdì kan yóò jẹ́ kí ohùn tó rẹlẹ̀ tó nǹkan bíi 8 Hz kọjá, èyí tó rẹlẹ̀ ju ohun tí etí lè gbọ́ lọ. Bí wọ́n bá fi 0.1 sí i nítorí pé òun ló wà nílẹ̀, ohùn tó bá ti rẹlẹ̀ ju nǹkan bíi 80 Hz lọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Gìtá báàsì inú jùjú àti ìlù ńlá inú fújì wà ní sàkání yẹn. Onímọ́tò á ní fóònù òun kò ní báàsì, bẹ́ẹ̀ kàpásítọ̀ kékeré ló jẹ báàsì náà mọ́lẹ̀.

Lára pílọ́ọ̀gì, orí ni òsì, òrùka tó tẹ̀ lé e ni ọ̀tún, ìdí ni ẹ́ẹ̀tì ohùn. Pílọ́ọ̀gì tó ní òrùka kan ṣoṣo ni kí wọ́n lò; èyí tó ní méjì ti ya ibì kan sọ́tọ̀ fún gbohùngbohùn, kì í sì í fìgbà gbogbo bá ihò tí wọ́n ṣe fún olórùka kan mu. Kò gbọdọ̀ sí ibi tí wọ́n ti so òsì àti ọ̀tún pọ̀ láìsí rẹsísítọ̀. Wáyà tó ní aṣọ bàbà lára ni kí wọ́n fà dé iwájú, kí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wá láti orí bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ IC. Irin dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ẹ́ẹ̀tì ohùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ kò ti ka ìlànà yìí sí ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ariwo ló ń da iṣẹ́ tó dára rú. Fóònù wọ AUX, orin ń dún dáadáa. Bí wọ́n ṣe so fóònù kan náà mọ́ cháájà inú ihò láítà báyìí, ohùn fííìn kan bẹ̀rẹ̀, ó ń ga bí awakọ̀ bá tẹ tọ̀rọ́tù, ó ń rẹlẹ̀ bó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Wọ́n á ní rédíò ti bàjẹ́. Rédíò kò bàjẹ́. Ọ́tánétọ̀ tó ń cháàjì bátìrì kì í gbé iná tó tẹ́jú pẹrẹsẹ jáde. Iná náà, tó máa ń wà láàárín fóòtì 13.5 sí 14.5 bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ní ìgbì kéékèèké nínú, ìgbì náà sì ń yára bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára. Fóònù ti gba ẹ́ẹ̀tì kan láti ihò láítà, ó tún gba òmíràn láti inú rédíò nípasẹ̀ wáyà AUX. Ẹ́ẹ̀tì méjèèjì kò dọ́gba tán. Ìyàtọ̀ kékeré àárín wọn ń gba inú wáyà ohùn kọjá, sípíkà sì ń gbé e jáde.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba mítà. Kí wọ́n yọ cháájà. Bí ariwo bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì méjì ni. Ojútùú tó rọrùn ni àpótí kékeré tó ní tíráńsífọ́mà méjì nínú, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún, tí wọ́n ń fi sí àárín fóònù àti rédíò. Ohùn ń gba agbára mágínẹ́ẹ̀tì kọjá nínú rẹ̀, ẹ́ẹ̀tì méjèèjì kò sì kan ara wọn mọ́. Àwọn tó pọ̀ọ́kú nínú wọn máa ń dín báàsì kù nítorí pé irin inú tíráńsífọ́mà wọn kéré jù. Ó sàn kí onímọ́tò fi owó díẹ̀ kún un. Bí ariwo bá ń bá a lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ cháájà, kí wọ́n wò ó bóyá ara ihò AUX jẹ́ irin tó kan irin ọkọ̀, tàbí bóyá wáyà ohùn bá wáyà iná bátìrì rìn pọ̀. Ihò oníke ló tọ́ sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Àyípadà kékeré yìí ti gba ọ̀pọ̀ rédíò lọ́wọ́ ìdájọ́ òdì.

Ewu tó kan ẹ̀mí wà nínú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀. Wáyà airbag ń gba inú dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè. Kí wọ́n tó fa ohunkóhun yọ, kí wọ́n tú wáyà ẹsẹ̀ òdì bátìrì, kí wọ́n sì dúró ìṣẹ́jú mélòó kan kí iná tó pamọ́ sínú airbag lè rọ̀. Ẹni tó bá fi tẹ́sítà onígílóòbù gún wáyà aláwọ̀ ìyeyè ń wá ìbúgbàù sí ojú ara rẹ̀. Títú bátìrì tún ní ohun tó ń fà: ọ̀pọ̀ rédíò Honda ni yóò kọ CODE sójú tí kò sì ní sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi tẹ nọ́ḿbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀. Nọ́ḿbà náà wà lórí káàdì kékeré tó bá ọkọ̀ wá, èyí tó máa ń sọnù kí tòkunbọ̀ tó dé etí omi wa. Kí wọ́n wá a nínú píjìnhóòlù kí wọ́n tó fọwọ́ kan bátìrì.

Fóònù òde òní náà ti ń yí padà. Apple yọ ihò ìgbọ́rọ̀ kúrò lára iPhone 7 ní 2016, Samsung ṣe bẹ́ẹ̀ sí Note 10 ní 2019, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ fóònù Tecno àti itel ṣì ní in. Èyí kò sọ ihò AUX di aláìwúlò. Ẹ̀rọ Bluetooth kékeré tó ń lo fóòtì márùn-ún lè wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kó máa gba orin láti ara fóònù, kó sì fi í sẹ́nu AUX tí wọ́n jó síbẹ̀. Kí iná rẹ̀ wá láti ibi tó ń tàn tó sì ń kú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kó má baà fa bátìrì gbẹ mọ́jú. Ẹ̀rọ tó ń sọ fóòtì méjìlá di márùn-ún fún un gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tó ya ẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fííìn àná yóò padà dé. Àǹfààní mìíràn ni pé ọwọ́ awakọ̀ kò ní máa wá wáyà kiri, torí pé lílo fóònù lórí ìrìn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Kí wọ́n yan orin kí ọkọ̀ tó gbéra.

Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ló kàn. Ọmọ iṣẹ́ tó bá lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lábẹ́ rẹ́wáyà máa ń mọ bí wọ́n ṣe ń fi tẹ́sítà wá iná, ó máa ń mọ àwọ̀ wáyà Toyota àti ti Honda lórí, ó sì máa ń mọ bí wọ́n ṣe ń wé téèpù dúdú. Òye ńlá ni, ó sì tọ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni kò tíì ka ìwé IC kan rí, mítà tó ń ka fóòtì kéékèèké kò sì sí nínú àpótí wọn. Rédíò tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ dànù pọ̀ ní Ládipọ̀ ní Mushin àti ní Àràròmí ní Agodi Gate, Ìbàdàn. Ohun ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n. Kí ọ̀gá ra ọ̀kan, kí ó tú u síwájú àwọn ọmọ iṣẹ́, kí wọ́n tọ ojú ọ̀nà ohùn láti orí kásẹ́ẹ̀tì dé sípíkà títí yóò fi yé wọn.

Ẹ̀yin onímọ́tò, kí ẹ tó gbà kí wọ́n yọ rédíò tó bá ọkọ̀ yín wá, ẹ bi rẹ́wáyà yín bóyá ẹnu ṣéńjà wà lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ó ti wo ìwé IC rẹ̀, àti ibi tí yóò ti mú ẹ́ẹ̀tì ohùn. Bí kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè dáhùn.